Food bank ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Bristol: mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí o, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò nípa wọn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò yẹ kí n wá sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo ayé ń nawọ́ sí. Food bank ni, ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn lóúnjẹ láìgbowó, inú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń ṣe é níbí ní Bristol. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ wà nílùú ọba ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin onígbàgbọ́, torí ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa lórí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹnìkan á ní ojú ń ti òun, ẹnìkan á ní wọ́n á gba físà òun, òmíràn á ní ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kì í débẹ̀, wọ́n á wá jókòó sílé máa gba ààwẹ̀ tí kì í ṣe pé wọ́n pinnu láti gbà á.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ ò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọkọ mi ló wá kàwé, èmi àti ọmọ bá a wá kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mímú ìdílé wá mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lóṣù kìíní ọdún 2024. Náírà la fi tọ́jú owó fíìsì tó kù, nígbà tí wọ́n sì jẹ́ kí náírà máa léfòó lóṣù kẹfà 2023 ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí, owó tá a ti rò pé ó kù díẹ̀ ká san tán, a tún jí lọ́jọ́ kan a rí i pé ó ti di òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà wá ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Èmi ń ṣe care, iṣẹ́ títọ́jú àwọn aláìlera, àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ sì ṣàdédé gé shift mi kù, wọn ò sọ ìdí. Rẹ́ǹtì ò kúkú gé tiẹ̀. Mítà iná tá a ń fi káàdì sanwó sí, tí £5 bá tán ó tán, kò béèrè bóyá ẹ ti ṣe family altar láàárọ̀.

Ọkọ mi, èèyàn àdúrà ni, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mò ń bú u. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo tì í padà, á ní, "Màmi, Ọlọ́run á pèsè." Mi ò sì bá a jiyàn rí lórí ìyẹn, torí èmi náà gbà pé á pèsè. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa fúnra wa ti yan ọ̀nà tí Ọlọ́run gbọ́dọ̀ gbà fún un. Kí alert ṣáà wọlé. Kí ẹnìkan tá a ti gbàgbé n'Íbàdàn ṣàdédé rántí wa. Nǹkan tó ṣe é dìde jẹ́rìí lé lórí lọ́jọ́ Sunday tí gbogbo ìjọ á pariwo halelúyà. Tó bá wá jẹ́ ìyá àgbà òyìnbó kan tó so ápírọ́ọ̀nù ló fẹ́ ki bíìnsì inú agolo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, háà, ìyẹn ti di ẹ̀sín nìyẹn, Ọlọ́run kọ́ ló rán an. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ló ń bá a lé eṣinṣin, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó béèrè pé kí ni Olúwa ń fi lé e.

Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa ibẹ̀. Mo kí wọn lẹ́yìn ìsìn, wọ́n kàn mú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, o ti rù."

"Àdúrà là ń gbà, Mummy."

"Àmín. Kí lẹ jẹ lánàá?"

Mi ò lè fèsì. Wọ́n ní kí n lọ bá health visitor, nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ wa, kí n má parọ́ fún un tó bá bi mí. Ọ̀rọ̀ táwọn àgbà sọ ni pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, lóòótọ́ ìwàásù ọjọ́ yẹn gan-an, mi ò rántí ibi tí pásítọ̀ ti kà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ ò kàn ní rìn wọlé bí ẹni wọ Tesco. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ fáúṣà, ìwé tẹ́ ẹ máa fi gba oúnjẹ, fún yín: GP, ìyẹn dókítà yín, ilé ìwé ọmọ yín, health visitor, Citizens Advice tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn, irú wọn báyẹn. Wọ́n á kọ iye ẹni tó wà nílé àti ìdí tọ́wọ́ ò fi tó ẹnu. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ yìí, lábẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ Trussell ló wà. Tọkọtaya onígbàgbọ́ kan, Paddy àti Carol Henderson, ló dá ìyẹn sílẹ̀ lọ́dún 1997, àwọn ọmọdé ní Bulgaria ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ ń ràn lọ́wọ́, àfi ìgbà tí ìyá kan ní Salisbury, níbí ní England, pè wọ́n lórí fóònù pé àwọn ọmọ òun fẹ́ fi ebi sùn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí kó oúnjẹ jọ sínú ṣẹ́ẹ̀dì àti gáréèjì ilé wọn lọ́dún 2000. Láàárín oṣù kẹrin 2023 sí oṣù kẹta 2024, ẹrù oúnjẹ tí wọ́n pín ju mílíọ̀nù 3 lọ. Ibi tí mo ń sọ yìí ò sí lábẹ́ wọn o, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló ń dá tiẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí wọ́n ti gba ìràwọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọlé, tíì ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé ka iwájú yín, tíì àti bisikíìtì, kí ẹnikẹ́ni tó bi yín léèrè nǹkankan. Ìyá àgbà tó gbà wá jókòó tì mí, kò dúró lé mi lórí, ó bi mí pé ṣé a ní sítóòfù àbí kẹ́tù nìkan la ní, torí wọ́n ní ẹrù ọ̀tọ̀ fún ẹni tí kò ní ju kẹ́tù lọ, nǹkan tí omi gbígbóná lásán lè sè. Ó béèrè ohun tí ara wa ò gbà. Ó béèrè sáìsì pámpáàsì ọmọ. Páàdì àwa obìnrin, inú ilé ìtọ̀ ni wọ́n gbé e sí nínú agbọ̀n, kẹ́ ẹ lè mú un láì sọ fún ọkùnrin kankan. Ẹni tó ronú nǹkan yẹn, Ọlọ́run á bù kún un.

Ó wá bi mí bóyá mo fẹ́ kó gbàdúrà fún mi. Ó bi mí o! Tí mo bá ní rárá, oúnjẹ mi ò ní dín kù, ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó gbà á. Àdúrà yẹn ò gùn, kò pariwo, kò dárúkọ ọ̀tá kankan nílé bàbá mi, ó kàn sọ fún Ọlọ́run pé ọ̀sẹ̀ yìí le fún ìyá yìí, kó dákun wà pẹ̀lú ẹ̀, àmín. Mo la ojú kan wò ó bóyá ó ṣì kù. Kò kù.

Oúnjẹ ńkọ́? Agolo ló pọ̀ jù. Bíìnsì, tòmátò, ẹja mákẹ́ẹ̀rẹ̀lì, ọ̀dùnkún, sùpàgẹ́ẹ̀tì, ìrẹsì kékeré kan, kọnfúléèkì, tíì, ṣúgà, mílíìkì inú páálí tí kò nílò fìríìjì. Wọ́n tún fi agolo kan sí i tó jẹ́ ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ mílíìkì àti ṣúgà, mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìrẹsì ṣẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ mi jẹ ẹ́ tán ó sì lá ṣíbí.

Bíìnsì yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹ́ ẹ mọ̀ pé ọbẹ̀ ẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. Ẹ dà á sínú asẹ́, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án títí pupa yẹn á fi lọ, ẹ jẹ́ kó ro dáadáa. Ẹ gbé epo pupa kaná, kó gbóná ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bó, ẹ rẹ́ àlùbọ́sà sí i kó pọ́n, ata gígún, edé tẹ́ ẹ bá ní, iyọ̀, ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ lẹ ó wá da ẹ̀wà sí i, iná kékeré, ẹ má rò ó jù torí ó ti rọ̀ látinú agolo ẹ̀. Kò lè di ẹ̀wà olóyin láéláé, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọmọ wa na abọ́ ẹ̀ síwájú pé kí n tún bù sí i.

Ohun kan wà tí mo kíyè sí lára mi lọ́jọ́ yẹn. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa, mo sì ti ń ka ọjọ́ kẹrin kí n tó ṣí agolo àkọ́kọ́. Mo tò wọ́n sórí tábìlì kíṣìnì, èyí á tó aago báyìí, èyí á tó aago báyìí, lálẹ́ Thursday ńkọ́? Mátíù orí 6 tá a ń kà lákàtúnkà, Jésù ò sọ níbẹ̀ pé ẹ ò nílò oúnjẹ tàbí aṣọ o, ó ní Bàbá yín mọ̀ pé ẹ nílò wọn. Ohun tó ní kẹ́ ẹ má gbé dání ni ti ọ̀la. Mánà tí wọ́n ń kó láginjù náà, ti oòjọ́ ni, ẹni tó tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ kejì bá ìdin nínú ẹ̀, àfi ti ọjọ́ Sábáàtì nìkan. Wọ́n sì jáde lọ kó o, kò bọ́ sí wọn lẹ́nu nínú àgọ́. Mo kó agolo yẹn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣe ti òní, mo sùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ẹjọ́ tí mo ní mo fẹ́ rò. Àkọ́kọ́, àsìkò tí wọ́n ń ṣí. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan péré lọ́sẹ̀, wákàtí méjì, ẹni tó ń ṣe care tàbí warehouse wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, ẹni tó sì sá lẹ́nu iṣẹ́ wá gba oúnjẹ ti pàdánù owó oúnjẹ nìyẹn. Èkejì, ìlà. Ìta la ti ń tò, ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù gan-an, nínú òjò wínníwínní Bristol yìí tí kì í tán, gbogbo ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń wò yín láti òkè. Ẹ ní àyè nínú gbọ̀ngàn, mo rí i, àga ló kún ibẹ̀, ẹ kó àga yẹn sẹ́yìn kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn èèyàn wọlé jàre. Búrẹ́dì náà, ìgbà míì ó ti le. Ata ò sí níbẹ̀ rí, ìyẹn mi ò lè bá wọn jà.

Ìkẹta ló dùn mí jù. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ti mọjú ara wọn, tí wọ́n bá fún wọn ní báàgì, wọ́n á yọ ohun tí wọn ò fẹ́, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká fi èyí gba tọ́hùn-ún, wọ́n á sì pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Àwa àjèjì ò mọ̀ pé pípààrọ̀ wà, kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Màmá ará Somalia kan níwájú mi gbé ohun tí wọ́n fún un bó ṣe wà, ó ń dúpẹ́, ẹran inú agolo tí kò lè jẹ wà nínú ẹ̀.

Ẹnìkan nílé wa ní kí n má sọ̀rọ̀, pé ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kì í wá ẹ̀sùn. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 wò. Ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ni, wọ́n ń pín oúnjẹ fáwọn opó lójoojúmọ́, àwọn opó tó ń sọ Gíríìkì ni wọ́n sì ń gbójú fò, àwọn èèyàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Complaint lórí food bank nìyẹn, ó wà nínú Bíbélì! Àwọn àpọ́sítélì ò ní kí wọ́n lọ fi ìgbàgbọ́ jẹun, wọn ò pè wọ́n ní aláìmoore, ńṣe ni wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n láti bójú tó ọ̀rọ̀ tábìlì. Sítéfánù wà lára wọn, Fílípì náà wà níbẹ̀. Torí náà mo sọ fún ìyá àgbà yẹn. Kò bínú. Nígbà tí mo padà débẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sára páálí gàdàgbà, wọ́n gbé e ka tábìlì pé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ nǹkan kó sọ. Ìlà ni wọn ò tíì rí nǹkan ṣe sí, ìdí tí ìràwọ̀ kan fi wà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Bristol, ẹ ti máa ń gba Ashley Down kọjá, ẹ ti rí àwọn ilé gàgàrà olókùúta yẹn, púpọ̀ nínú wọn ti di fúláàtì táwọn èèyàn ń gbé báyìí. Ilé ọmọ òrukàn George Müller ni wọ́n. Ará Jámánì ni, ọmọ tó ń jalè nígbà èwe ẹ̀, ó dé Bristol lọ́dún 1832, kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọ, kò tọrọ owó lọ́wọ́ èèyàn fún iṣẹ́ náà, kò jẹ gbèsè, Ọlọ́run nìkan ló ń sọ fún, kó tó kú lọ́dún 1898 ọmọ tó ti gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá lé ní 10,000. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn ìtàn búrẹ́dì, tí wọ́n ní àwọn ọmọ jókòó sídìí tábìlì tí kò sí nǹkankan lórí ẹ̀, ni oníbúrẹ́dì bá kanlẹ̀kùn. Ó dáa. Èmi, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ẹ̀ kì í ṣe ìyẹn. Nígbà tó fẹ́ ṣí ilé àkọ́kọ́ ní Wilson Street lọ́dún 1836, ó ti gbàdúrà fún owó, ó rí i, ó gbàdúrà fún ilé, fún àga, fún àwọn tó máa ṣiṣẹ́, ó rí gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá láti gba orúkọ ọmọ pé, ó jókòó síbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ò wá. Kò tíì béèrè ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Oúnjẹ wà, ibùsùn wà, kò sẹ́ni tó wá jẹ ẹ́. Ó lọ gbàdúrà lórí ìyẹn lálẹ́, ọjọ́ kejì ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá béèrè dé.

Mo máa ń rò pé irú nǹkan yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa àti àwọn gbọ̀ngàn yìí. Èèyàn kan ń gbé agolo lọ síbẹ̀ torí Ọlọ́run fi sí i lọ́kàn, àwa wà ní òpópónà kejì tá a ń gba night vigil fún oúnjẹ.

Ohun tó yí ọkọ mi lọ́kàn padà, Ẹlíjà ni. Gbogbo wa la mọ ti ẹyẹ ìwò tó ń gbé búrẹ́dì àti ẹran fún un láàárọ̀ àti lálẹ́ létí odò Kérítì. A kì í dúró gbọ́ ìyókù. Odò yẹn gbẹ. Ọlọ́run ò sì rọ òjò sí i, ó ní kó dìde lọ sí Sáréfátì ní ilẹ̀ Sídónì, ilẹ̀ àjèjì, òun ti sọ fún opó kan níbẹ̀. Wòlíì tó sọ pé òjò ò ní rọ̀ tí òjò ò sì rọ̀, ó dé ẹnu ibodè ìlú onílùú, ó ní ẹ bu omi fún mi mu, obìnrin náà ń lọ bù ú, ó tún pè é padà, ẹ bá mi mú búrẹ́dì díẹ̀ dání. Mo ka ibẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkankan kún un. Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n òun ló gbé báàgì nígbà tá a tún padà lọ, àti ti màmá ará Somalia yẹn.

Kí n tó gbàgbé, ẹnìkan tó mọ̀ pé nǹkan ò rọgbọ fún wa ní kí a fi owó rẹ́ǹtì gbin irúgbìn, pé ó máa padà ní ìlọ́po. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ ni mò ń fún ní ìràwọ̀, ẹ ò ní rí ìràwọ̀ kankan níbí.

Ọ̀rọ̀ físà tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù: lóòótọ́ ó wà lára físà ọ̀pọ̀ wa pé a ò gbọ́dọ̀ gba owó ìjọba, no recourse to public funds tí wọ́n ń pè é. Owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba nìyẹn, irú Universal Credit. Oúnjẹ tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ aláàánú fún yín ò sí lára ẹ̀, kò ba físà jẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, Citizens Advice ò gbowó, ẹ bi wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé kí òjò tó mú yín. Ẹ mú báàgì tó lágbára dání, agolo wúwo ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, báàgì nylon á ja lójú ọ̀nà. Ẹ sọ fún wọn tẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré, pámpáàsì wà lẹ́yìn, wọn kì í gbé e síta. Ẹ yẹ déètì ara búrẹ́dì wò. Kẹ́ ẹ sì jókòó mu tíì yẹn, ẹ má sáré jáde.